Àwọn Ẹranko Tí Ń Yọ Onílé Lẹ́nu ní Ọ̀pẹ́bí: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Ń Pè Wọ́n Wọlé àti Bí A Ṣe Ń Lé Wọn

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko tí ń wọlé tọ ènìyàn ní Ọ̀pẹ́bí, àdúgbò kan ní Ìkẹjà ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri agbègbè ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó nà láti Ìkẹjà dé Agége, pín sí ọ̀nà méjì tí òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn kò fi ojú kan náà wò. Ọ̀nà kìíní ni ti ẹranko tí kò ní olówó láti ìbẹ̀rẹ̀, irú bí eku, ejò, àdán àti awọ́nríwọ́n. Ọ̀nà kejì ni ti ẹran ọ̀sìn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sìn ín, tàbí tí ẹni náà fi sílẹ̀ kí ó máa wá oúnjẹ ara rẹ̀ kiri, irú bí ajá, ológbò, ewúrẹ́ àti màlúù. Bí a bá wo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Èkó ti ń bá wọn fà á, láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn tí eku kó wọ ìlú ní 1924 títí di òní, ohun kan hàn: pípa ẹranko tí ó ti wọlé ni ojú onílé àti ti ìjọba máa ń wà lára, nígbà tí ohun tí ó pe ẹranko náà wọlé, ìyẹn oúnjẹ, omi àti ihò, wà níbẹ̀ tí ó ń dúró de òmíràn.

Ilẹ̀ Ọ̀pẹ́bí kò fìgbà kan jẹ́ ilẹ̀ tí ẹranko kò gbé. Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni Ìkẹjà jẹ́ kí ìlú tó gbòòrò. Agége ní tirẹ̀ jẹ́ ibi oko obì àti kòkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ agbègbè náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí Ìkẹjà sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1976. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i ni igbó ń sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tán: Odò Ìyá Aláró àti àbàtà rẹ̀ ṣì wà láàárín Ọ̀pẹ́bí, Mẹ́ńdè àti Ọ̀jọ́tà, afárá tí ìjọba sì ṣe láti so àwọn àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ gba àárín ibùgbé àwọn ẹranko tí ó fi àbàtà náà ṣe ilé kọjá. Ní apá kan ni ààtàn Olúsosùn wà, tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó sí láti 1992, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì lé ní hẹ́kítà 40. Ní apá kejì, ní Oko-Ọba ní Agége, ni odò ẹran ńlá wà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti ìfun màlúù ti ń fa ajá, eku àti ẹyẹ mọ́ra. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn ilé oúnjẹ, àwọn onísúyà àti àwọn ilé fàájì òpópónà Ọ̀pẹ́bí àti Allen ti ń ṣí títí di ọ̀gànjọ́, tí wọ́n ń kó àjẹkù jáde síta kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó dé ní òwúrọ̀. Fún eku, àkókò díẹ̀ náà tó.

Eku ni olórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a ya ẹ̀yà rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Èkúté ilé a máa gun àjà, a sì máa tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sínú páálí àti aṣọ àkísà. Eku gọ́tà, tí ó sanra jù ú lọ, a máa gbẹ́ ihò sí etí gọ́tà àti abẹ́ kọnkéré. Ẹ̀lírí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ihò tí ènìyàn kò kà sí fi ń tó o. Asín, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń kún yàrá, kì í ṣe eku rárá lójú àwọn onímọ̀ ẹranko, nítorí pé kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀, ìdílé ọ̀tọ̀ sì ni ó ti wá. Èyí tí ó léwu jù lọ nínú gbogbo wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ lójú lásán sí èkúté: òun ni eku ọlọ́mú púpọ̀, tí a pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọmú abo rẹ̀ lè tó 24, tí ó sì ń bí ọmọ lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eku yìí ni ó ń gbé kòkòrò àrùn ibà Lassa kiri, àrùn tí ó gba orúkọ ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, níbi tí a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ni ó ń ba gààrí, àgbàdo àti àwo oúnjẹ jẹ́, tí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tàbí tí ó fọwọ́ kàn án fi ń kó àrùn. Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àrùn náà ti ń jà jù lọ. Èkó kò sí ní ipò yẹn, ṣùgbọ́n nínú ìlú tí ọkọ̀ ń wọ̀ láti ibi gbogbo lójoojúmọ́, kò sí ìdí tí onílé yóò fi máa fi gààrí sílẹ̀ láìdé e.

Ìtàn Èkó fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé eku lè yí bí a ṣe ń kọ́ ìlú padà. Láti 1924 títí di nǹkan bí 1930, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn kòkòrò tíńtín ara eku ń gbé kiri ja ní Erékùṣù Èkó àti agbègbè rẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjọba amúnisìn pa eku, ó fín oògùn, ó sì wó ilé; ṣùgbọ́n ohun tí ó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni àjọ ìdàgbàsókè ìlú Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, nítorí pé ó ti hàn sí wọn pé ilé tí ó há, tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò sì ní ibi tí a ń kó o sí, ni ilé eku gan-an. Wọ́n lo ẹ̀kọ́ náà lọ́nà tí ó le koko fún àwọn tálákà tí wọ́n lé kúrò nílé, èyí tí kò ṣeé gbóríyìn fún, síbẹ̀ òtítọ́ ìmọ́tótó tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì di àtijọ́.

Májèlé ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ máa ń sáré sí. Ọ̀tapíápíá, tí wọ́n ń pò nílé tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò kékeré ní ẹ̀gbẹ́ títì àti nínú ọkọ̀, àti Sniper, tí a ṣe fún iṣẹ́ oko tí àwọn ènìyàn sọ di oògùn inú ilé, ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù. Dichlorvos, tí í ṣe èròjà Sniper, jẹ́ oró tí ń dá iṣẹ́ iṣan ara rú, ìbáà jẹ́ ti aáyán, ti eku tàbí ti ènìyàn, ó sì lè gba inú èémí àti awọ ara wọlé. Nígbà tí àwọn tí ó ń gbé e mu láti pa ara wọn pọ̀ sí i, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019, ó sì pàṣẹ pé kí ó kúrò lórí àtẹ ọjà lásán àti ilé ìtajà. Yàtọ̀ sí ewu ènìyàn, májèlé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí a rán an: eku tí ó jẹ ẹ́ a máa kú sínú àjà tàbí ẹ̀yìn ògiri, tí òórùn rẹ̀ yóò gba ilé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ológbò tàbí òwìwí tí ó bá sì jẹ òkú eku náà lè bá a lọ. Ìkẹyìn yìí dunni jù, nítorí pé òwìwí, tí àwọn ènìyàn ń sọ lókò nítorí pé wọ́n kà á sí ẹyẹ àjẹ́, wà lára àwọn tí ń pa eku lọ́fẹ̀ẹ́ lóru nígbà tí onílé ń sùn. Pàkúté onírin sàn ju májèlé lọ, nítorí pé ènìyàn rí ohun tí ó pa, ó sì lè sin ín. Gọ́ọ̀mù eku náà ń mú un, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹranko náà sílẹ̀ láàyè nínú ìrora títí di àárọ̀, tí yóò sì máa tọ̀, tí yóò máa yàgbẹ́ síbẹ̀, ohun tí kò yẹ nílé tí a ti ń bẹ̀rù ibà Lassa.

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tí a sábà ń fi bá ẹbí tí ń jà sọ̀rọ̀. Kò burú bí bíríkìlà àti káfíńtà bá gbọ́ ọ bí ó ti wà gan-an. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ tó fún ẹ̀lírí, èyí tí ó tó mìlímítà 12 sì tó fún eku tí ó tóbi jù ú lọ. Nínú ilé ìgbàlódé ní Ọ̀pẹ́bí, irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń wà níbi tí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù ti gba ògiri kọjá, ní abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ní etí òrùlé tí pákó rẹ̀ ti jẹrà, àti níbi tí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wọ ilẹ̀ tí a kò fi sìmẹ́ńtì dí i tán. Fóòmù àti àkísà kì í dá eku dúró, nítorí pé eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun dídàgbà, ó sì gbọ́dọ̀ máa gé nǹkan jẹ kí ó má bàa gùn jù. Wáyà iná náà kò yọ sílẹ̀, èyí tí ó lè dá iná sílẹ̀ nílé. Sìmẹ́ńtì, páànù àti nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré ni ohun èlò tí ó yẹ. Owó tí ìwọ̀nyí yóò gbà lè ju ti ìgò ọ̀tapíápíá kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni onílé yóò ná an, nígbà tí ọ̀tapíápíá yóò máa padà wá gba owó lóṣooṣù.

Ibi tí eku bá pọ̀ sí ni ejò ń gbà wá, òjò sì ni ó sábà máa ń fi í hàn. Nígbà tí àbàtà Odò Ìyá Aláró bá kún, tàbí tí katakata bá wọ ilẹ̀ tí ó ti pẹ́ tí igbó ti bò ó, ejò tí ń gbé níbẹ̀ a máa wá ilẹ̀ gbígbẹ lọ, ilẹ̀ gbígbẹ náà sì lè jẹ́ abẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ìdí òkìtì bíríkì. Èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn ejò tí a ń pa kò ní oró, ṣùgbọ́n sèbé àti paramọ́lẹ̀ wà ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, kò sì sí ìdí tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò fi sún mọ́ ọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kẹrosíìnì, àlùbọ́sà, imí-ọjọ́ àti orógbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń lé ejò. Ẹ̀rí tí ó dájú kò sí fún èyíkéyìí nínú wọn, kẹrosíìnì sì ń ba ilẹ̀ àti omi kànga jẹ́. Kí a gé koríko sílẹ̀, kí a kó bíríkì àti pákó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí a sì pa oúnjẹ eku rẹ́ ni ohun tí ó ṣiṣẹ́. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n má ṣe fi okùn di ibẹ̀ pinpin, kí wọ́n má fi abẹ sín in, kí wọ́n má fi ẹnu fa oró, kí wọ́n má sì fi àkókò ṣòfò lórí òkúta dúdú. Kí ẹni náà má rìn káàkiri, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, nítorí pé abẹ́rẹ́ apa-oró ejò kì í ṣe oríṣi kan. Nínú àwọn méjì tí a dìídì ṣe fún Nàìjíríà, ọ̀kan wà fún oró paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ti ìhà àríwá nìkan, èkejì sì kó oró paramọ́lẹ̀ ńlá àti ti sèbé atutọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Awọ́nríwọ́n, tí àwọn ọmọdé ń sá fún bí ẹni pé ọ̀nì ni, kò ní oró tí ó lè pa ènìyàn, ẹyin àti eku wà nínú oúnjẹ rẹ̀, gọ́tà sì ni ó kàn ń gbà kọjá.  

Àdán ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kúkúrú ni. Àdán ńlá tí ń jẹ èso, tí ó gbajúmọ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a máa tẹ̀dó sórí igi ńlá inú ìlú, ìgbẹ́ àti ariwo rẹ̀ sì ń bí onílé nínú. Òun ni ó ń gbin ìrókò káàkiri igbó láìgba owó, nítorí pé inú rẹ̀ ni hóró igi náà ń gbà dé ibi jíjìn. Lára rẹ̀ kan náà, ní Erékùṣù Èkó ní 1956, ni àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò àrùn kan tí í ṣe ìbátan ti dìgbòlugi, tí wọ́n sì fi orúkọ Èkó pè. Nígbà tí ó di 1968, wọ́n rí ìbátan mìíràn lára asín ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, òun náà sì ń jẹ́ orúkọ àdúgbò yẹn nínú ìwé ìṣègùn gbogbo ayé. Ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ onílé ni pé kí ó má fi ọwọ́ lásán gbé àdán tàbí asín tí ó ṣubú, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Kò béèrè pé kí ó gé igi.

Bí a bá kúrò lórí ẹranko ìgbẹ́ dé orí ẹran ọ̀sìn tí ó ń rìn gbéregbère, ajá ni ó gba iwájú, dìgbòlugi sì ni ìdí rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, pé Éṣíà àti Áfíríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà, àti pé ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 99 nínú 100. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yọrí sí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kí àmì tó hàn, ó ṣeé dá dúró: kí a fi omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, láìdúró wò ó bóyá ajá náà yóò ya wèrè. Ata, epo pupa àti irun ajá tí wọ́n ń fi sí ojú ọgbẹ́ kò pa kòkòrò àrùn náà.

Ajá tí ń rìn kiri ní Ọ̀pẹ́bí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìtàn. Òmíràn jẹ́ ajá ilé-iṣẹ́ tí ó ti kógbá wọlé. Òmíràn jẹ́ ti ẹni tí ó jápa, tí ó fi ajá sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì láìfi owó oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn ṣì ní olówó, tí a kàn ń ṣí géètì fún lóru kí ó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ síta. Pípa wọn, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti máa ń ṣe nígbà mìíràn káàkiri ayé, kì í fòpin sí dìgbòlugi, nítorí pé oúnjẹ ààtàn tí ó bọ́ ajá tí ó kú yóò bọ́ èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ẹnu kò lé lórí ni pé bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá inú ìlú bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ń ṣe irú abẹ́rẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, nítorí náà a kò lè sọ pé òkè òkun ni a ń retí. Àwọn tí ń mú ajá ìgboro tà fún ẹran jíjẹ tàbí fún ẹbọ Ògún náà wà nínú ewu tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, nítorí pé ẹni tí ń pa ajá, tí itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ sì ń kàn án lọ́wọ́, lè kó àrùn náà bí ajá kò tilẹ̀ bù ú jẹ.

Ológbò kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ariwo òru àti ìbẹ̀rù àjẹ́ ni a fi ń kórìíra rẹ̀. Kí a tẹ akọ rẹ̀ lọ́dàá, kí dókítà ẹran sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo rẹ̀ kí ó má bímọ mọ́, ń dín ìjà òru kù, ó sì ń fi apẹku sílẹ̀ nínú àdúgbò. Dída omi gbígbóná sí i jẹ́ ìwà ìkà tí abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní ti màlúù, Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 tí ó de dída ẹran kiri ní gbangba, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti kúrò lọ́wọ́ onílé.

Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Bí ilé kan bá dí ihò rẹ̀, tí ilé mẹ́ta tí ó yí i ká kò dí tiwọn, tí gọ́tà tí ó so gbogbo wọn pọ̀ sì kún fún ìdọ̀tí, eku kò lọ síbì kankan. Ní ayé wolé-wolé, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ń wọ ilé dé ilé láti yẹ ìkòkò omi, ààtàn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò, ẹnì kan wà tí ó ń wo àdúgbò ní odindi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń sá fún un, tí òmíràn nínú wọn sì ń gba rìbá. Ìmọ́tótó oṣooṣù ti ọjọ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù gba ipò yẹn dé àyè kan. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé dídí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti rìn lọ́jọ́ náà kò bá òfin mu, Ìpínlẹ̀ Èkó fi òpin sí i ní 2016. Ìdájọ́ náà tọ́, kíkó ènìyàn sí àhámọ́ ilé wọn kì í ṣe ọ̀nà ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dúró dáadáa sí àlàfo tí ó fi sílẹ̀. LAWMA, àjọ ìdọ̀tí Ìpínlẹ̀ Èkó, ń kó ìdọ̀tí, nọ́ńbà 767 àti 112 wà fún pàjáwìrì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń wá wo ẹ̀yìn ilé oúnjẹ ní òpópónà Ọ̀pẹ́bí lóru kí ó tó di ìṣòro ilé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ti fi kíkó ìdọ̀tí, odò ẹran, àti ìṣàkóso sísìn àti rírìnkiri ẹran ọ̀sìn ilé gbogbo lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà àti ti Agége ni láti forúkọ ajá sílẹ̀, láti rí i pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, àti láti fi ipá mú ilé oúnjẹ kí wọ́n lo ike ìdọ̀tí tí ó ní ìdérí. Ìwé kan náà ni àwọn olùgbé Ọ̀pẹ́bí yẹ kí wọ́n gbé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá lọ bi ìjọba ìbílẹ̀ wọn léèrè.